Alágbára Má Mèrò: Ìtàn Gíà Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Akẹ́rù ní Amẹ́ríkà

Àwọn baba wa a máa wí pé, "Alágbára má mèrò, baba ọ̀lẹ." Bí a bá wo ìtàn ọkọ̀ akẹ́rù ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà láti ọdún 1908 títí di òní, a ó rí i pé òwe yìí bá ẹ̀rọ mu gẹ́gẹ́ bí ó ti bá ènìyàn mu. Bí ó ti wù kí ẹ́ńjìnnì lágbára tó, bí gíà tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò bá bá ẹrù mu, ojú òkè ni yóò dá a sí. Ìbéèrè kan wà tí àwọn ọlọ́kọ̀ ilẹ̀ náà kò yé bi ara wọn: bí ènìyàn bá gbé píkọ́ọ̀pù rẹ̀ sókè, tí ó fi táyà ńlá sí i, tí ó sì tún fẹ́ máa fi fa ẹrù lẹ́yìn, ṣé kí ó pààrọ̀ gíà ẹ̀yìn ni, àbí kí ó fi í sílẹ̀ bí ilé iṣẹ́ ti ṣe é? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ka ọ̀rọ̀ yìí sí ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì lásán. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ìtàn ni, nítorí ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ ti ń dáhùn rẹ̀, ìdáhùn wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí gíà yìí jẹ́. Ọ̀pá gígùn kan ti ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì àti àpótí gíà wá sí ẹ̀yìn ọkọ̀. Ní ìparí rẹ̀ ni gíà kékeré kan wà tí eyín rẹ̀ wọ inú eyín gíà ńlá. Gíà ńlá yìí ni ó sì ń yí àwọn táyà ẹ̀yìn. Bí gíà kékeré bá ní eyín 11, tí gíà ńlá sì ní eyín 40, ọ̀pá gígùn náà yóò yí ní ìgbà 3.64 kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Bí iye yìí ti ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni agbára ìfà ń pọ̀ sí i, tí eré sì ń dínkù. Ẹni tí ó bá ti wo aláàárù tí ó ru àpò kòkó gun Òkè Màpó mọ àṣírí náà: ìṣísẹ̀ kúkúrú, ìṣísẹ̀ púpọ̀, ni ó fi ń gòkè. Bí a bá ní kí ó máa la ẹsẹ̀ gbòòrò bí ẹni tí ń sáré, orúnkún rẹ̀ yóò yẹ̀ kí ó tó dé òkè.

Táyà pẹ̀lú ní ipa tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Táyà ńlá a máa rìn jìnnà ju táyà kékeré lọ nígbà tí àwọn méjèèjì bá yí lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà ẹni tí ó fi táyà ńlá rọ́pò kékeré ti mú kí ìṣísẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀ gùn, bí kò tilẹ̀ fọwọ́ kan gíà rárá. Agbára ni a fi ń ra eré, eré ni a sì fi ń ra agbára; ẹni tí ó bá lé eku méjì yóò pòfo.

Ọkọ̀ tí mo fi eyín gíà rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ lókè yìí kì í ṣe àjèjì nínú ìtàn. Model T ni, tí Henry Ford gbé jáde ní ọdún 1908, tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ sì ṣe tí ó ju mílíọ̀nù 15 lọ títí di ọdún 1927. Ọkọ̀ náà ga nílẹ̀, nítorí ọ̀nà oko Amẹ́ríkà nígbà náà jẹ́ kìkì ẹrẹ̀ àti kòtò. Agbára ẹṣin 20 ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní, gíà méjì péré ni ó sì ní fún lílọ síwájú. Nígbà tí òkè bá ga jù fún un, àwọn awakọ̀ a yí ọkọ̀ padà, wọn a sì fi ẹ̀yìn gùn ún. Ìdí méjì ni wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èkíní ni pé epo ń ṣàn fúnra rẹ̀ láti inú táǹkì wá sínú ẹ́ńjìnnì, bí iwájú ọkọ̀ bá sì gbé sókè jù, epo kò ní dé ibi tí ó ń lọ. Èkejì ni pé gíà ẹ̀yìn-padà lágbára ju gíà kìíní lọ. Ẹ kò rí i pé àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyí, láìka ìwé ẹ̀rọ, ti mọ̀ pé gíà ni ń gun òkè?

Kò pẹ́ tí àwọn oníṣòwò bẹ̀rẹ̀ sí di ẹrù lé ọkọ̀ yìí lórí ju bí ó ti yẹ lọ. Ní ọdún 1917 Ford gbé ọkọ̀ mìíràn jáde tí a ń pè ní Model TT, tí a ṣe láti ru ẹrù tọ́ọ̀nù kan. Egungun rẹ̀ lásán ni ilé iṣẹ́ ń tà. Ẹni tí ó rà á ni yóò kan ara igi sí i, gẹ́gẹ́ bí àwọn káfíńtà wa ti ṣe sí lọ́rì bọ̀lẹ̀kájà. Ohun tí ó yẹ kí a ṣàkíyèsí ni èyí: wọn kò yí ẹ́ńjìnnì padà. Agbára ẹṣin 20 àná náà ni. Wọ́n mú egungun ọkọ̀ gùn, wọ́n mú un lágbára, wọ́n sì gbé gíà ẹ̀yìn kúrò ní 3.64 lọ sí 7.25. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ kò bá wúwo tó bẹ́ẹ̀ lè béèrè fún 5.17. Eré ni wọ́n fi san owó rẹ̀: ìmọ̀ràn ilé iṣẹ́ ni pé kí ọkọ̀ tí ó ní 7.25 má ṣe sáré ju máìlì 15 lọ ní wákàtí kan, kí èyí tí ó ní 5.17 má sì ju 22 lọ. Fún àwọn tí kò fẹ́ pàdánù agbára tàbí eré, gíà ẹ̀yìn oníṣísẹ̀ méjì tí a ń pè ní Ruckstell jáde, tí awakọ̀ lè fi ọwọ́ yí láti inú ọkọ̀.

Ìdáhùn kan náà ni a tún rí lẹ́yìn ogun. Ní ọdún 1941 Willys bẹ̀rẹ̀ sí ṣe jíípù MB fún àwọn ọmọ ogun, gíà rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn sì jẹ́ 4.88. Nígbà tí ogun parí ní ọdún 1945, ilé iṣẹ́ náà fẹ́ ta jíípù fún àwọn àgbẹ̀, kí ó lè túlẹ̀ bíi katakata kí ó sì fa ẹrù lọ sí ọjà. Ẹ́ńjìnnì kan náà ni, ìwọ̀n táyà kan náà ni. Ṣùgbọ́n nínú CJ-2A, tí í ṣe jíípù àgbẹ̀, gíà ti di 5.38. Iṣẹ́ yí padà, gíà sì yí padà tẹ̀ lé e.

Kí ni ó wá fà á tí gíà àwọn ọkọ̀ òde òní fi lọ sí ọ̀nà kejì? Ọ̀nà àti epo ni. Láti ọdún 1956 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀ sí la àwọn ọ̀nà gbòòrò tí ó so ìpínlẹ̀ pọ̀ mọ́ ìpínlẹ̀, eré sì di ohun tí gbogbo ènìyàn ń fẹ́. Ní ọdún 1973 epo wọ́n. Ní ọdún 1975 òfin jáde pé kí àwọn ilé iṣẹ́ ṣe ọkọ̀ tí epo rẹ̀ yóò máa tọ́jọ́. Ẹ́ńjìnnì tí kò yí púpọ̀ kì í jẹ epo púpọ̀, nítorí náà wọ́n dín iye gíà ẹ̀yìn kù. Gíà tí a rí nínú píkọ́ọ̀pù tuntun jẹ́ ìpinnu tí a fara balẹ̀ ṣe láàárín epo, eré àti ẹrù, lórí ìwọ̀n táyà kan pàtó.

Ní àkókò yìí náà ni gbígbé ọkọ̀ sókè di àṣà. Ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni Bob Chandler ti ìpínlẹ̀ Missouri, ẹni tí ó sọ Ford F-250 ti ọdún 1974 di ọkọ̀ aṣeré tí a ń pè ní Bigfoot. Bí táyà rẹ̀ ti ń tóbi ni àwọn ọ̀pá tí ó gbé e ń ṣẹ́, títí ó fi lọ mú ọ̀pá ọkọ̀ ológun wá. Bigfoot kò fa ẹrù, ṣùgbọ́n ó fi hàn gbangba pé táyà kì í dá tóbi. Ó ní láti fa àwọn ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ́wọ́ dání.

Ẹ jẹ́ kí a wá ṣe ìṣirò. Ká ní táyà píkọ́ọ̀pù kan jẹ́ ínṣì 31, gíà rẹ̀ sì jẹ́ 3.73. Bí olówó rẹ̀ bá gbé e sókè láìpààrọ̀ táyà, kò sí ohun tí ó ṣe gíà. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi táyà ínṣì 35 sí i, 3.73 rẹ̀ yóò máa ṣe bíi 3.30. Bí aago inú ọkọ̀ bá sọ pé máìlì 60 ni, nǹkan bíi 68 ni ó ń sá ní tòótọ́. Láti padà sí ibi tí ó ti wà, ó nílò gíà tí ó súnmọ́ 4.21, nínú àwọn tí a ń tà lọ́jà, 4.10 kò dé ibẹ̀, 4.30 kọjá a díẹ̀. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ tí ó sì so ẹrù mọ́ ọkọ̀, àpótí gíà yóò máa fò sókè sódò lójú òkè, epo inú rẹ̀ yóò gbóná, ooru yìí ni ó sì ń pa àpótí gíà.

Ọ̀rọ̀ òkè kì í ṣe eré. Ní ọdún 2008 ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ọkọ̀, SAE, gbé ìlànà kan kalẹ̀ tí a ń pè ní J2807, láti fi dán ọkọ̀ tí ń fa ẹrù wò. Òkè Davis Dam ní Arizona ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n: máìlì 11.4, tí ó gòkè ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 3,000, nínú ooru. Píkọ́ọ̀pù tí ó ní táyà méjì péré lẹ́yìn kò gbọdọ̀ wálẹ̀ ju máìlì 40 lọ ní wákàtí kan níbẹ̀. Táyà àti gíà tí ilé iṣẹ́ fi sí i ni a fi ń gun òkè yìí. Ẹni tí ó bá pààrọ̀ táyà, ìwé tí ó sọ iye ẹrù tí ọkọ̀ lè fà kò sọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀ tirẹ̀ mọ́.

Àwọn tí ó sọ pé kí a má ṣe pààrọ̀ gíà ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Wọ́n ní owó rẹ̀ pọ̀, òótọ́ sì ni. Bí gbogbo táyà mẹ́rin bá ń fa ọkọ̀, gíà iwájú àti ti ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ bára mu, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn yóò máa bá ara wọn jà títí ọ̀kan yóò fi fọ́. Iṣẹ́ náà sì gba ọwọ́ tí ó mọ̀ ọ́n ṣe. Wọ́n tún ní àpótí gíà ti yàtọ̀: F-150 ti ọdún 2017 ní èyí tí ó ní ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, gíà kìíní rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi 4.7, nígbà tí Model T ní méjì péré. Mo gbà pé irú àpótí bẹ́ẹ̀ lè bo àṣìṣe táyà mọ́lẹ̀ fún ẹni tí ẹrù rẹ̀ fúyẹ́ tí ọ̀nà rẹ̀ sì tẹ́jú. Ṣùgbọ́n fún ẹni tí ẹrù rẹ̀ wúwo, ìṣísẹ̀ tí ó ga jùlọ nínú mẹ́wàá náà kò ní wúlò fún un mọ́.

Ìdájọ́ tí ìtàn fi lé wa lọ́wọ́ nìyí: bí táyà bá tóbi, tí ẹrù sì wúwo, kí a pààrọ̀ gíà. Bí owó kò bá sí, kí a dá táyà padà sí ìwọ̀n tí ó ti wà. Kí a sì rántí pé gíà kò mú búrẹ́ẹ̀kì lágbára, kò sì sọ ọkọ̀ gíga di kúkúrú. Ọkọ̀ tí a gbé sókè rọrùn láti dojú dé, ẹrù tí ó wà lẹ́yìn yóò sì máa tì í nígbà tí ó bá ń sọ̀kalẹ̀. Ẹni tí ó pààrọ̀ gíà kí ó lè gòkè, kí ó ti yẹ búrẹ́ẹ̀kì rẹ̀ wò kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀kalẹ̀ ní apá kejì.