Ìwé Ìràwọ̀ Apànìyàn

Ní ọdún 1968, Michel Gauquelin, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá ní ilẹ̀ Faransé, kéde nínú ìwé ìròyìn Ici Paris pé òun yóò ṣe ìwé ìràwọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fi ọjọ́ àti ibi tí wọ́n bí i ránṣẹ́. Nígbà tí ìwé dé ọwọ́ wọn, ó bi ènìyàn 150 léèrè bóyá ohun tí wọ́n kà bá wọn mu. Ìdá 94 nínú ọgọ́rùn-ún wọn dáhùn pé ó bá àwọn mu. Àwọn ẹbí àti ọ̀rẹ́ wọn pẹ̀lú jẹ́rìí sí i.

Ìwé kan náà ni gbogbo wọn gbà. Ìràwọ̀ Marcel Petiot ni, oníṣègùn tí wọ́n bí ní Auxerre ní ọdún 1897. Nígbà ogun, ó ń tan àwọn Júù àti àwọn mìíràn tí ń sá fún àwọn Jámánì pé òun yóò ràn wọ́n lọ́wọ́ dé Gúúsù Amẹ́ríkà. Ó ń pa wọ́n ní Paris, ó sì ń kó ẹrù wọn. Ilé-ẹjọ́ dá a lẹ́bi ikú ènìyàn 26, wọ́n sì bẹ́ ẹ lórí ní oṣù karùn-ún ọdún 1946. Síbẹ̀, ìwé tí àwọn awòràwọ̀ fi kọ̀ǹpútà ṣe láti inú ọjọ́ ìbí rẹ̀ yìn ín bí ọmọ ìlú oníwà títọ́!

Àwọn tí ó dáhùn kò purọ́. Ẹni tí ń kàwé ni ó ń bá ìwé ṣiṣẹ́: yóò wá ọjọ́ kan nínú ayé rẹ̀ tí ó bá gbólóhùn náà mu, yóò sì fo èyí tí kò bá a mu. Ta ni kò lè rántí ìgbà tí ó ṣàánú ẹlòmíràn? Nítorí náà, ní tèmi, bí ẹgbẹ̀rún ènìyàn bá ní “ó bá mi mu,” ẹ̀rí kankan kò tíì sí níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n Gauquelin fúnra rẹ̀ kì í ṣe alátakò ìràwọ̀ pátápátá. Láti ọdún 1955 ni ó ti ń sọ pé àwọn akọni eré ìdárayá tí a bí nígbà tí Mars ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, tàbí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá àárín ọ̀run, pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Àwọn onímọ̀ Faransé kọ ìlànà ìdánwò sílẹ̀ ṣáájú, wọ́n sì yẹ ọjọ́ ìbí akọni 1.066 wò. Àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1996, ọdún márùn-ún lẹ́yìn ikú Gauquelin: wọn kò rí ipa Mars kankan. Wọ́n tún yẹ àwọn orúkọ tí òun fẹ́ kí wọ́n fi kún àkójọ àti èyí tí ó fẹ́ kí wọ́n yọ wò; wọ́n rí i pé yíyàn rẹ̀ ń tẹ̀ sí ibi tí Mars yóò gbè é.