Kí Ni Agolo Yóò Dà Bí Ọjà Bá Tán? Ìtàn Ìdì Ọjà Láti Ìdí Ewé Dé Akóbọ̀

Láti Básọ̀run, bí èèyàn bá ti kọjá General Gas, kó tó dé Ojúrin ní Akóbọ̀, yóò rí oríṣi ìdì ọjà mẹ́ta lójú títì kan ṣoṣo. Níwájú kíóósì, sáṣẹ́ẹ̀tì mílíìkì, ọṣẹ ìfọṣọ àti tòmátò so mọ́ ara wọn, wọ́n rọ̀ wálẹ̀ bí aṣọ ojú fèrèsé títí dé àyà ẹni tó ń ná ọjà. Nínú ilé ìtajà onígíláàsì tó wà nítòsí, gàrí Ìjẹ̀bú dúró nínú àpò ìwé aláwọ̀ ilẹ̀, ojú kékeré kan wà níwájú àpò náà kí oníbàárà lè rí bí gàrí inú rẹ̀ ṣe kúnná tó. Lórí tábìlì ìta, ẹ̀kọ wà nínú ewé. Ojú àwa ará Ìbàdàn ti mọ́ wọn tó bẹ́ẹ̀ tí a kì í bi ara wa léèrè bí wọ́n ṣe dé ibẹ̀.

Tí àwọn òǹkọ̀wé ilẹ̀ òkèèrè bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìdì ọjà, àwọ̀ àti ìrísí tó ń fa ojú ni wọ́n máa ń gbé síwájú. Àwa náà fẹ́ràn ohun tó rẹwà. Ṣùgbọ́n oníbàárà tiwa ní ìbéèrè mìíràn nínú, bí kò tilẹ̀ fi ẹnu sọ ọ́: kí ni ohun tí wọ́n fi di ọjà yìí yóò dà nígbà tí ọjà bá tán nínú rẹ̀? Láti ayé kèrègbè ni ìbéèrè yẹn ti wà, òun ló sì jẹ́ kí ìtàn ìdì ọjà nílẹ̀ wa yàtọ̀ sí ti ibòmíràn.

Ewé ló ṣáájú. Ẹni tí kò ta nǹkan rí lè rò pé ewé kan náà ni gbogbo wọn. Ewé eéran, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ewé mọ́ínmọ́ín, gbòòrò, ó ṣeé ká láìfàya, ooru kì í sì í tètè bà á jẹ́. Èso igi ewé yìí kan náà ní èròjà kan nínú tí dídùn rẹ̀ ju ti ṣúgà lọ ní ìlọ́po tó lé ní 1,000. Àwọn ilé iṣẹ́ ilẹ̀ òkèèrè ń fi sí oúnjẹ, ṣùgbọ́n ewé rẹ̀ ni àwa mọ̀ jù. Ewé gbòdògì náà dára fún ẹ̀kọ. Alápatà fẹ́ràn ewé gẹdú, èyí tí àwọn ọmọdé máa ń fi ọwọ́ ra títí àtẹ́lẹwọ́ wọn yóò fi pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Irú, ògìrì àti òrí ní ewé tiwọn, obì sì ń sùn nínú ewé tútù nínú agbọ̀n kí ó má baà gbẹ kí ó tó dé ọjà. Ewé ń bo oúnjẹ, ó ń fún un ní òórùn, ó sì ń sọ ẹni tó ni ín. Bí ìyá kan ṣe ń ṣẹ́ etí ewé ẹ̀kọ rẹ̀ kò jọ ti ìyá kejì, àwọn ará àdúgbò sì mọ ìyàtọ̀ náà kí wọ́n tó tú u.

Mo máa ń rántí mọ́ínmọ́ín nígbàkigbà tí mo bá ka ìtàn ilé iṣẹ́ Tetra Pak. Ní 1951 ni Ruben Rausing dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ìlú Lund ní orílẹ̀-èdè Sweden, ìdì tó fi bẹ̀rẹ̀ sì jẹ́ páálí onígun mẹ́rin tí orí rẹ̀ ṣóńṣó, nítorí pé ìrísí yẹn kò gba ọ̀pọ̀ ìwé, ojú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ kò sì pọ̀. Gbogbo ayé yin ọgbọ́n náà, ó sì tọ́ sí i. Àwọn ìyá wa náà ń ká ewé ṣóńṣó, wọ́n ń da ẹ̀wà lílọ̀ sí i, wọ́n ń ṣẹ́ ìdí rẹ̀ mọ́ abẹ́, láìsí gọ́ọ̀mù, láìsí ẹ̀rọ. Kò sẹ́ni tó kọ orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ ká a sílẹ̀.

Ohun tí ewé kò lè gbà, igbá ń gbà á. Akèrègbè ni ẹmu ń gbé, ìfófò ẹnu rẹ̀ ló sì ń sọ fún oníbàárà pé òwúrọ̀ yìí ni wọ́n dá a. Àdó kékeré wà fún ẹ̀bu oògùn, àpò awọ tẹ́ẹ́rẹ́ wà fún tìróò. Ní Ọ̀yọ́, àwọn onígbá ọnà ń fín igbá títí ojú rẹ̀ yóò fi kún fún iṣẹ́ ọwọ́, irú igbá bẹ́ẹ̀ sì lè níyì ju ohun tí wọ́n gbé sínú rẹ̀ lọ. Oògùn inú àdó a tán, àdó a wà níbẹ̀, a tún rí ohun mìíràn gbà.

Ọṣẹ dúdú náà, inú ewé ló wà. Ibẹ̀ ni àwọn àgbà ti rí òwe wọn pé bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Nínú ìtàn ọṣẹ yìí ni ọ̀rọ̀ ìdì ọjà ti yí padà mọ́ wa lọ́wọ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí ọdún 1880 tó wọlé, ọṣẹ gígùn bí igi ni olùtajà máa ń gé, tí yóò sì wọ̀n fún oníbàárà, láìsí orúkọ kankan lára rẹ̀. Ní 1884, William Lever fi orúkọ Sunlight sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, ó ń gé ọṣẹ rẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà, ó sì ń fi ìwé tí orúkọ náà wà lára rẹ̀ di ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Epo ọ̀pẹ láti etíkun ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú wà lára ohun tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ń fi se ọṣẹ. Ní 1920 ó ra Niger Company. Ní 1923 ilé iṣẹ́ rẹ̀ fìdí múlẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní 1929 ni wọ́n da àwọn ilé iṣẹ́ òwò pọ̀ di UAC. Epo tí a kó lọ nínú àgbá padà wá bá wa nínú ìwé, orúkọ ẹlòmíràn ló sì wà lára rẹ̀. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rò ó. Ọṣẹ inú ewé wa kò burú ju tirẹ̀ lọ. Orúkọ ni kò sí lára ewé.

Kí ọṣẹ Lever tó dé ni ọtí jíìnì àwọn ará Holland ti gba etíkun kan. Igò rẹ̀ jẹ́ onígun mẹ́rin, ìdí rẹ̀ kéré ju èjìká rẹ̀ lọ, kí wọ́n lè tò ó mọ́ ara wọn nínú àpótí láìsí àyè tó ṣòfò. Ọtí Henkes ní àwòrán ẹyẹ àkọ̀ lára, ẹni tí kò mọ ìwé kà yóò sì na ọwọ́ sí ẹyẹ náà láìṣì í mú. Bí ọtí bá tán, igò di ti epo pupa tàbí ti àgbo, ó sì lè wà nílé títí ọmọ ọmọ yóò fi bá a níbẹ̀. Àwọn Coca-Cola náà mọ irú ọgbọ́n yìí ní Amẹ́ríkà. Ní 1915 wọ́n ní kí àwọn oníṣẹ́ igò ṣe èyí tí èèyàn lè dá mọ̀ bó bá fọwọ́ kàn án nínú òkùnkùn, tàbí bó bá rí i ní fífọ́ nílẹ̀, ilé iṣẹ́ Root Glass ní Terre Haute ló sì borí. Lọ́dọ̀ wa, igò tó ṣófo ni owó. Bí o kò bá mú igò wá, o ó fi owó dúró.

Agolo ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìtàn yìí. Peter Durand gba ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ ní London ní 1810, kí oúnjẹ lè pẹ́ láìbàjẹ́. Ohun tí a fi ṣe níbí kò sí lọ́kàn rẹ̀ rárá. Mílíìkì Peak dé Nàìjíríà ní 1954. Kò pẹ́ tí agolo rẹ̀ fi wọ inú ìkòkò, tí mọ́ínmọ́ín ń jinná nínú rẹ̀, tó sì di òṣùwọ̀n ìrẹsì àti ẹ̀wà lórí àtẹ. De Rica, agolo tòmátò láti Ítálì, di orúkọ òṣùwọ̀n pátápátá. Ẹni tó ń ra ẹ̀gúsí ní dẹ̀ríkà méjì lè má fi ojú kan tòmátò náà rí. Garawa epo òyìnbó di ohun ìpọnmi. Agolo bisikíìtì di ilé abẹ́rẹ́ àti òwú, ike áísìkirímù di ilé ọbẹ̀ nínú fíríìjì, kẹ́ẹ̀gì òróró di ti omi kànga. Àwọn kan ń fi èyí ṣe ẹ̀fẹ̀ nípa wa. Èmi rí i bí ìmọ̀. Obìnrin tó dúró níwájú àtẹ tó ń yan ike láàrin méjì, tó sì mú èyí tí ìdérí rẹ̀ le, ó ti ra ohun èlò kún oúnjẹ. Iṣẹ́ ọnà ìdì ọjà tó fa ojú rẹ̀ nìyẹn.

Ní Dùgbẹ̀, ilé ìtajà Kingsway ti UAC ló kọ́ àwọn ará Ìbàdàn bí wọ́n ṣe ń rìn láàrin àtẹ, tí páálí alárànbarà ń dá sọ̀rọ̀ láìsí ìyálọ́jà tó ń polówó. Páálí yẹn fúnra rẹ̀ kò tíì pẹ́ láyé. Robert Gair ní Amẹ́ríkà ló rí bí wọ́n ṣe ń gé e tí wọ́n sì ń tẹ ojú ìṣẹ́po rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ní 1879. Ní Ẹlẹ́yẹlé, Fan Milk bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní àwọn ọdún 1960, kẹ̀kẹ́ tó gbé àpótí níwájú sì di ohun tí gbogbo ọmọ Ìbàdàn mọ ìró aago rẹ̀. A máa ń fi eyín já igun ọ̀rá áísìkirímù náà, a ó sì máa fà á mu títí yóò fi rọ̀ mọ́ra. Ìwé ìròyìn àná náà kò sùn: látìgbà tí Nigerian Tribune ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1949, ó ti di ìdì àkàrà, ẹ̀pà àti súyà lọ́wọ́ àwọn tí kò rà á.

Lẹ́yìn náà ni sáṣẹ́ẹ̀tì dé. Ètò ọrọ̀-ajé SAP ti 1986 jẹ́ kí owó náírà rẹlẹ̀, agolo ńlá sì kúrò ní ohun tí owó oṣù lè rà. Ní 1993, Promasidor mú mílíìkì Cowbell wọ Nàìjíríà, ó sì ń tà á nínú ọ̀rá kékeré tí ẹni tó ní owó ojúmọ́ kan lè rà. Àwọn ilé iṣẹ́ yòókù tẹ̀ lé e. Láàrin àwọn ọdún 1990 náà ni píọ́ wọ́tà gba ìgboro. Mi ò lè bú sáṣẹ́ẹ̀tì: òun ló jẹ́ kí ọmọ tálákà mu mílíìkì. Àmọ́ òun kò ní ayé kejì bíi ti ọ̀pọ̀ ìdì nínú ìtàn wa. A já a, ó parí, ojú gọ́tà ló kù sí. Nígbà tí àgbàrá gba Ìbàdàn ní ọjọ́ 26 Oṣù Kẹjọ ọdún 2011, tó gbé ilé, afárá àti ẹ̀mí lọ, kì í ṣe ọ̀rá nìkan ló fà á, ṣùgbọ́n ọ̀rá wà nínú ohun tó dí ojú omi.

Ohun kan tí sáṣẹ́ẹ̀tì mú wá tí kò yẹ kí a gbàgbé ni kíka ara ìdì. Ní 1993 ni ìjọba dá NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, sílẹ̀, láti 2001 tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Dora Akunyili sì ti di ọ̀gá rẹ̀ ni oníbàárà ti kọ́ láti yí ọ̀rá padà kó wá nọ́ńbà àjọ náà kó tó sanwó. Ojú tó ń wá ẹyẹ àkọ̀ lára igò láyé ọjọ́un ń wá nọ́ńbà báyìí.

Èyí ló bí ohun tí à ń rí ní Akóbọ̀ lónìí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe ìpékeré, kúlíkúlí, zóbò, ọṣẹ dúdú àti òróró irun ládùúgbò náà ń ṣe é láti ilé, inú fóònù ni ọjà wọn sì wà kó tó dé orí àtẹ. Wọ́n ń ra ike àti ọ̀rá ní Ògùnpa, wọ́n ń tẹ àmì wọn lọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé Mọ́kọ́lá. Oníbàárà kò lè tọ́ ọjà wò lórí fóònù, nítorí náà ìdì ló ń sọ̀rọ̀ fún un. Mo ti rí ọṣẹ dúdú nínú igbá kékeré tí wọ́n fi ọ̀já àdìrẹ dè. Mo ti rí ẹ̀pà nínú igò onídèérí tó yẹ fún ata lílọ̀ lọ́jọ́ iwájú, àti aṣọ òfì nínú agbọ̀n tí ìyàwó yóò gbé sí yàrá rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀bùn àríyá ti mọ èyí tipẹ́: abọ́ tí wọ́n tẹ orúkọ olóògbé sí lára máa ń wà nílé àlejò fún ogún ọdún. Orúkọ tí ewé kò ní nígbà náà ti wà lára igbá báyìí, orúkọ tiwa.

Ewé náà kò tíì lọ. Ní Oṣù Kìíní 2024, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fi òfin de abọ́ fóòmù funfun tí wọ́n fi ń gbé oúnjẹ lọ, ọ̀pọ̀ olóúnjẹ sì tún ń wá ohun mìíràn. Àwọn tó ń ta ìrẹsì ọ̀fadà kò ní ohun tí wọ́n ń wá. Ewé eéran ni wọ́n ti ń lò bọ̀, òórùn rẹ̀ lára ìrẹsì gbígbóná ló sì ń pe oníbàárà wọlé kó tó rí pátákó. Ní ẹ̀yìnkùlé irú ilé oúnjẹ bẹ́ẹ̀, wọ́n ń nu ewé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gé igi ìdí rẹ̀ kúrò. Igi náà ni wọ́n ń tẹ́ sí ìsàlẹ̀ ìkòkò kí mọ́ínmọ́ín má baà jóná. Bí oúnjẹ bá tán, ewé tó kù wà nílẹ̀ lẹ́bàá ògiri, ewúrẹ́ àdúgbò sì ti dúró dè é.