Rọ́gíbì Ẹlẹ́ni Mẹ́tàlá: Níbo Ni A Bí Ìyá Àgbà Sí?

Níbí ní Ìfọ̀nyìn, tí ìjọba ń kọ ní Ifangni, bí a bá dárúkọ rọ́gíbì, ẹni mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló máa ń wá sọ́kàn ìwọ̀nba àwọn tó mọ̀ ọ́n. Òmíràn wà tó jẹ́ pé ẹni mẹ́tàlá péré ni ikọ̀ kan ń kó jáde. Rugby league ni orúkọ rẹ̀, Faransé ní rugby à XIII. Ìtàn àwọn obìnrin inú rẹ̀ la fẹ́ sọ, nítorí ó kan àwa tí bọ́dà là sí méjì.

Owó ọjọ́ iṣẹ́ ló bí eré náà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1895, ní ìlú Huddersfield, àwọn ẹgbẹ́ apá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ya kúrò lára àwọn ọ̀gá rọ́gíbì. Wọ́n fẹ́ kí awakùsà tó pa iṣẹ́ tì wá gbá bọ́ọ̀lù gba owó tó pàdánù. Àwọn ọ̀gá kọ̀. Ní 1906 ni wọ́n dín òṣèré kù sí 13. Ní 1941, ìjọba Vichy, àwọn kan náà tó ń pàṣẹ fún Dahomey nígbà náà, fòfin de eré yìí ní Faransé, wọ́n sì gba dúkìá rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé a kò mọ̀ ọ́n níbí.

Àwọn ọkùnrin ti ń du ife àgbáyé láti 1954. Ọdún 2000 ni àwọn obìnrin tó ní tiwọn, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ikọ̀ mẹ́ta péré ló wá, New Zealand ló gbé ife.

Ti 2003 gan-an ló mú wa jókòó kọ èyí. New Zealand ni wọ́n ti gbá a. Niue àti Tokelau wá, erékùṣù tí iye ará ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò pé 2,000. Àwọn Māori, tó ni ilẹ̀ New Zealand kí òyìnbó tó dé, náà kó ikọ̀ tiwọn wá lọ́tọ̀. Wọ́n dé àṣekágbá! New Zealand fi 58 sí òdo nà wọ́n, ìyà ńlá ni, a kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ tún un wò: ẹ̀yà kan tí kò ní orílẹ̀-èdè tirẹ̀ ló dúró lórí pápá níbi àṣekágbá ife àgbáyé.

Títí di ife tí wọ́n gbá ní 2022, tí Australia ti fi 54 sí 4 na New Zealand ní Old Trafford, kò sí ikọ̀ obìnrin Áfíríkà kankan níbẹ̀. Brazil wà níbẹ̀ o! Fún ti 2026, wọ́n dárúkọ Nàìjíríà mọ́ Canada, Fiji àti Ireland láti du àyè kan tó kù. Fiji ló gbà á.

Síbẹ̀ ilẹ̀kùn kan wà. Nínú eré yìí, bí a bá bí òbí rẹ, tàbí òbí òbí rẹ, sí orílẹ̀-èdè kan, o lè gbá fún un. Ìlà tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fà ní 1889 kò dí èyí lọ́wọ́. Ọmọbìnrin Ìgòlò tí a bí ìyá ìyá rẹ̀ sí Ìpókíá lè wọ aṣọ Nàìjíríà.

Ìwé ni ìṣòro. Ta ló ń kọ ọjọ́ ìbí sílẹ̀ lábúlé láyé ìyá àgbà? Òmíràn nínú wọn, ọdún tí òjò kò rọ̀ ló fi ń ka ọjọ́ orí rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, bí wọ́n bá ṣì wà lókè eèpẹ̀, ẹ jókòó tì wọ́n ní alẹ́ òní, kí ẹ bi wọ́n ní abúlé tí a bí wọn sí, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.