Ìwé Àdéhùn Tí Ó So Ilẹ̀ Amẹ́ríkà Pọ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé ilẹ̀ Amẹ́ríkà lágbára, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ènìyàn ni ó mọ bí ó ṣe di ọ̀kan, àti ohun tí ìṣọ̀kan náà ná an. Ìtàn náà yẹ fún ẹgbẹ́ bí irú tiwa láti gbé yẹ̀wò.

Ní ọdún 1607 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀dó sí Jamestown ní ilẹ̀ Virginia. Ilẹ̀ náà ní onílẹ̀. Oríṣiríṣi ẹ̀yà ti ń gbé ibẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún kí Òyìnbó tó dé. Ìbọn, àrùn, àti àdéhùn tí a kò mú ṣẹ ni ó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ní 1619, ọkọ̀ òkun kan kó nǹkan bí ogún ọmọ Áfíríkà dé Virginia. Láti ìgbà náà ni òógùn ẹrú ti ń di ọrọ̀ ẹlòmíràn, nínú oko tábà àti lẹ́yìn náà nínú oko òwú.

Ní 1765, ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Lọ́ńdọ̀nù bu owó orí lé ìwé ẹjọ́ àti ìwé ìròyìn ní Amẹ́ríkà. Àwọn ará ibẹ̀ fárígá: wọ́n ní ìgbìmọ̀ tí àwọn kò ní aṣojú nínú rẹ̀ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti bu owó lé àwọn. Ní 1773 wọ́n da tíì sínú òkun ní Boston. Ogun bẹ́ ní 1775. Ní ọjọ́ 4 oṣù keje, 1776, ìpínlẹ̀ 13 kéde òmìnira. Ní 1783 ni ọba Gẹ̀ẹ́sì gbà fún wọn.

Ṣùgbọ́n òmìnira ọ̀tọ̀, ìṣọ̀kan ọ̀tọ̀. Àdéhùn wọn àkọ́kọ́ kò fún ìgbìmọ̀ àpapọ̀ ní agbára láti gba owó orí. Ẹ̀bẹ̀ ni ìgbìmọ̀ náà ń bẹ àwọn ìpínlẹ̀, ọ̀pọ̀ kò sì san. Gbèsè pọ̀, owó àwọn ọmọ ogun kò pé. Èyí ni ó mú wọn péjọ ní Philadelphia ní 1787, tí wọ́n kọ ìwé òfin mìíràn. George Washington di Ààrẹ àkọ́kọ́ ní 1789.

Síbẹ̀, ìwé òfin náà fi ẹrú sílẹ̀ nínú ìdè. Egbò tí a fi ewé bò láìwẹ̀, ríra ni yóò máa rà. Láti 1861 dé 1865 ni ogun abẹ́lé jà. Ọmọ ogun tí ó lé ní 600,000 ni ó kú. Abraham Lincoln kéde òmìnira ẹrú ní 1863, òfin sì fòpin sí oko ẹrú ní 1865. Ọgọ́rùn-ún ọdún gbáko tún kọjá kí òfin 1965 tó dáàbò bo ẹ̀tọ́ ìdìbò àwọn ènìyàn dúdú dáadáa.

Lẹ́yìn ogun àgbáyé kìíní, Ààrẹ Woodrow Wilson ṣagbátẹrù ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tí yóò máa fi ọ̀rọ̀ parí ìjà, ṣùgbọ́n àwọn aṣòfin àgbà ilẹ̀ rẹ̀ kọ̀ láti wọ̀ ọ́. Ogun kejì kọ́ wọn lọ́gbọ́n: ní San Francisco ni a ti dá Àjọ Àwọn Orílẹ̀-èdè Àgbáyé sílẹ̀ ní 1945. Ní 1962, nígbà tí ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì kó ohun ìjà àtọ́míìkì lọ sí Kúbà, lẹ́tà ni Kennedy àti Khrushchev fi pẹ̀tù sí i. Sófíẹ́ẹ̀tì kó tirẹ̀ kúrò. Amẹ́ríkà ṣèlérí pé òun kò ní gbógun ti Kúbà, ó sì gbà ní ìkọ̀kọ̀ láti kó tirẹ̀ kúrò ní Tọ́kì. Ẹnìkan kò gba gbogbo ohun tí ó fẹ́, ayé kò sì jóná.

Ẹ̀yin ọmọ ìlú wa, ẹgbẹ́ tí kò rí owó gbà kò lè tún ìlú ṣe. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí ó ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tí kò jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀ ń wá ìjà. Àwọn ará abà àti àwọn obìnrin wa ń san owó ẹgbẹ́ lọ́dọọdún. Àwọn mélòó ni ó jókòó nínú ìgbìmọ̀ wa? Ẹ jẹ́ kí a wẹ egbò náà nígbà tí ó ṣì kéré.