Láti Igi Ìrẹ́ dé Ọ̀rá Ọjà: Ìtàn Ìmọ̀ nípa Ohun tí ó ń Ṣàn tí ó sì ń Fà

Ìfáárà

Ẹni tí ó bá ra ẹja tútù tàbí ìgbín ní ọjà Sandgrouse, ní Erékùṣù Èkó, inú ọ̀rá ni ó sábà máa ń gbé e lọ sílé. Ọ̀rá náà fẹ́lẹ́, síbẹ̀ kì í tètè ya. Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni bí àwọn onímọ̀ ṣe wá mọ ìdí tí irú nǹkan báyìí fi ń ṣàn nígbà tí ó bá yọ́, tí ó sì tún ń fà bí rọ́bà. Ìdí méjì ni a fi yan ìtàn yìí. Èkíní, Èkó wà nínú rẹ̀ láti ìgbà tí ó ti pẹ́. Èkejì, a gbà pé èdè Yorùbá tó o sọ.

Rọ́bà Èkó

Kí ọ̀rá tó dé ni rọ́bà ti wà. Ní 1820, Thomas Hancock ṣe ẹ̀rọ kan ní Lọ́ńdọ̀nù tí ó ní eyín irin nínú. Ó rò pé yóò gé rọ́bà sí wẹ́wẹ́ ni. Dípò èyí, rọ́bà náà di ìṣù kan ṣoṣo, ó sì rọ̀. Kò sí ẹni tí ó lè sọ ìdí rẹ̀ nígbà náà.

Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn oníṣòwò bẹ̀rẹ̀ sí í wá rọ́bà ní ilẹ̀ wa. Àwọn ènìyàn wọ igbó lọ, wọ́n ń sá igi ìrẹ́ lára, wọ́n ń gba oje rẹ̀, wọ́n sì ń sè é títí yóò fi dì. Ní 1895, rọ́bà tí ó gba Èkó jáde lé ní mílíọ̀nù 5 pọ́n-ùn. Ṣùgbọ́n ìkánjú wọ ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n sá igi kọjá bí ó ti yẹ, ọ̀pọ̀ igi kú, òwò náà sì wó lulẹ̀ kí ọ̀rúndún náà tó parí. Àwọn tí ó ń se oje yìí mọ̀ dáadáa pé ó ń fà. Ohun tí ó ń mú un fà ni ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀, ní Èkó àti ní Lọ́ńdọ̀nù bákan náà.

Ẹ̀wọ̀n gígùn

Ní 1920, Hermann Staudinger, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, sọ pé mólékù rọ́bà dà bí ẹ̀wọ̀n gígùn tí a so oríkèé rẹ̀ pọ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n ní 1953 ó gba ẹ̀bùn Nobel. Irú ẹ̀wọ̀n yìí ni a ń pè ní pólímà. Láàárín kan, ní 1933, Eric Fawcett àti Reginald Gibson ti ilé-iṣẹ́ ICI ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe alábàápàdé pólítíìnì, èyí tí a fi ń ṣe ọ̀rá.

Bí pólímà bá yọ́, àwọn ẹ̀wọ̀n rẹ̀ a lọ́ mọ́ra bí òwú tí ọmọdé fi ṣeré. Báwo ni ọ̀kan ṣe ń yọ kúrò láàárín ìyókù? Ní 1967, Sam Edwards sọ pé ó dà bí ẹni pé ẹ̀wọ̀n kọ̀ọ̀kan wà nínú ihò tóóró tí àwọn aládùúgbò rẹ̀ ṣe yí i ká. Ní 1971, Pierre-Gilles de Gennes, ará Faransé, fi kún un pé ẹ̀wọ̀n náà kò lè gba ẹ̀gbẹ́ jáde. Àfi kí ó fà lọ gbọọrọ bí ejò. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé bí ẹ̀wọ̀n bá gùn ní ìlọ́po 2, ohun yíyọ́ náà lè ki tó ìlọ́po 10.

Bí ìṣàn bá yá

Àkókò ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà dá lé. Ọmọ tí ó bá rọra fa ṣingọ́ọ̀mù yóò rí i pé ó gùn bí okùn. Bí ó bá fà á lójijì, yóò já. Nígbà tí ìṣàn bá rọra, ẹ̀wọ̀n ń ráyè yọ. Nígbà tí ó bá yá, kò ráyè mọ́. Ìṣàn á tẹ́ ẹ sí ọ̀nà kan náà, kíki rẹ̀ á sì dínkù. Èyí ni ó jẹ́ kí ẹ̀rọ lè tì í jáde. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti jáde ní ẹnu ẹ̀rọ, àwọn ẹ̀wọ̀n á tún sún kì, ohun náà á sì wú ju ihò tí ó gbà jáde lọ. Bí a bá tì í jù, ara rẹ̀ á rí ṣákiṣàki. Ní àwọn ọdún 1950 ni àwọn onímọ̀ ilé-iṣẹ́ ń bá ìṣòro yìí wọ̀yá ìjà. Ní ti eyín ẹ̀rọ Hancock, ṣe ni ó ń já ẹ̀wọ̀n rọ́bà sí kúkúrú.

Ní 1978, Masao Doi, ará Japan, àti Edwards ṣe ìṣirò gbogbo èyí. Àléébù kan wà níbẹ̀: ìṣirò náà sọ pé bí ìṣàn bá yá kọjá ìwọ̀n kan, agbára tí ó ń gbà yóò máa dínkù, bẹ́ẹ̀ ohun tí a sábà ń rí kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1996, Giuseppe Marrucci ti ìlú Naples ṣàlàyé pé ìṣàn kíákíá ń gbá àwọn aládùúgbò náà lọ, tí ìdíjú sì ń tú bí ó ti ń ṣàn. Àríyànjiyàn kò tíì parí lórí rẹ̀.

Ìkádìí

Ẹ̀wọ̀n, ìdíjú, ìṣàn, kíki, fífà: kò sí ọ̀kan tí a yá nínú wọn. Àwọn ìyá wa sì ti ya kíki sọ́tọ̀ kúrò lára fífà tipẹ́. Ẹ̀kọ mímu ki, ṣùgbọ́n kì í fà. Ewédú kò ki tó o, síbẹ̀ ó ń fà. Orí ìyàtọ̀ yìí gan-an ni ìmọ̀ tí a sọ lókè dúró lé.

Láti 1970 ni ètò Ifẹ̀ tí Babs Fafunwa darí ti fi Yorùbá kọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Bí àyọkà tí a ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa nínú ìdánwò bá dá lórí ìgbéyàwó àti ọdún ìbílẹ̀ nìkan, àwa fúnra wa ni a ń kọ́ wọn pé èdè wọn kò lè dé ibi ẹ̀rọ. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí àwọn olùdánwò mú irú àyọkà báyìí wọlé, kí wọ́n sì bèèrè ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ohun tí ó ki àti ohun tí ó ń fà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ti jẹ ewédú rí kò ní ṣàìrí ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.