Òkú Èkó: bí ẹja inú yìnyín ṣe dé páànù wa

 

Ní Túsìdeè tó kọjá, aago méje ààbọ̀ ti lù kí n tó wọ GRA Ìkẹjà. Sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọ̀nà Ọba Akran ti tán mi lókun. Ohun tó yọ mí ni ẹja Titus méjì tí mo yà rà ní ọjà Ìpódò. Mo ní, "Màmá, ẹ bá mi là wọ́n sí méjì, kẹ́ ẹ yọ eegun àárín."

Ní Ìlọrin, màmá àgbà mi kì í pè é ní Titus. Òkú Èkó ni wọ́n ń pè é, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọn ò sì fi kan ẹnu. Àwàdà ni mo pè é, àfìgbà tí mo rí i pé ìtàn wà nínú orúkọ náà. Ẹja kú sínú òkun tó jìnnà, ó sùn sínú yìnyín, ó gba Èkó wọlé, ó wá gun ọkọ̀ lọ sókè. Ẹni tó mọ ẹja àrọ̀ tó ṣì ń jà nínú báàfù, tàbí ẹja gbígbẹ tó ti rí iná, báwo ló ṣe fẹ́ gba èyí tó le gbagidi bí òkúta?

Ẹni tó sọ ọ́ di òwò ńlá ni Michael Ibru, ọmọ Agbarha-Otor nílẹ̀ Urhobo, tí wọ́n bí ní 1930. Ó lọ sí Igbobi College ní Yábàá, ó sì ṣiṣẹ́ ní UAC. Ní 1956, òun àti òyìnbó kan, Jimmy Large, dá ilé iṣẹ́ Laibru sílẹ̀. (Ẹ wo orúkọ náà dáadáa: La ti Large, Ibru ti Ibru.) Ní 1957 ló kó wọ òwò ẹja inú yìnyín. Àwọn èèyàn kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Wọ́n ní ẹja mọ́ṣúárì ni. Mi ò dá wọn lẹ́bi.

Lójú tèmi, owó ló yí wọn lọ́kàn padà. Àmọ́ kí ẹja tó lè pọ̀ níye tó bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ wà níbẹ̀. Láti inú ọkọ̀ ojú omi dé cold room, láti cold room dé ọkọ̀ akẹ́rù, títí dé ọwọ́ ìyá ọlọ́jà tó ra páálí oní-20 kílò, òtútù kò gbọdọ̀ já. Ní Nàìjíríà tiwa yìí! Ẹ̀yin tí NEPA ti ba ẹja jẹ́ mọ́ lọ́wọ́ rí mọ ohun tí mò ń wí.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ìdáná. Mo nu ara ẹja gbẹ, mo bu iyọ̀ sí i, mo gbé ẹ̀gbẹ́ tó ní awọ lé òróró gbígbóná fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, mo yí i. Ìgbà yẹn ni mo tó da oyin ṣíbí méjì, soy sauce ṣíbí méjì, ọsàn wẹ́wẹ́, aáyù, ata ilẹ̀ àti ata gígún sí i, torí oyin máa ń tètè jó. Ó hó, ó ki, ó ń dán lára ẹja. Àwọn ará Japan ń pe irú rẹ̀ ní teriyaki: teri ni dídán, yaki ni sísun. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré, mo ti jókòó ti ìrẹsì.

Àmọ́ nǹkan kan ń dùn mí. Dọ́là ni wọ́n fi ń ra ẹja yìí láti òkè òkun. Látìgbà tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀ ní June 2023, oúnjẹ mẹ̀kúnnù ti ń di ti olówó. Níwájú mi ní Ìpódò, obìnrin kan ra orí méjì àti ìrù kan. Kò béèrè àárín rárá.

Mo fi fọ́tò àwo mi ránṣẹ́ sí Ìlọrin lórí WhatsApp, kí wọ́n fi han màmá àgbà. Voice note ni wọ́n fi dá mi lóhùn: "Òkú yìí mà ń dán o! Èló ni wọ́n ń tà á báyìí?"