Bí wọ́n bá fi ẹ̀sùn irọ́ kàn ọ́, ta ni ìwọ yóò ké sí?

Kí ni ẹ̀sùn irọ́? Ẹnì kan mọ̀ pé o kò ṣẹ̀, síbẹ̀ ó lọ bá àwọn ọlọ́pàá. Ó ní o jí màlúù, tàbí pé o dáná sun oko. Wọ́n mú ọ, wọ́n tì ọ́ mọ́lé. Iṣẹ́ oko dúró, owó tán, orúkọ ìdílé bàjẹ́. Ó lè ṣẹlẹ̀ ní Kaboua, ó lè ṣẹlẹ̀ ní Ṣábẹ. Ó ti ṣẹlẹ̀ ní ìlú òyìnbó pàápàá. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí àwọn tó ṣáájú wa ṣe.

Ọ̀rọ̀ Dreyfus

Ní ọdún 1894, ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n mú ọ̀gá ṣójà kan tí ń jẹ́ Alfred Dreyfus. Ọmọ Júù ni. Wọ́n ní ó ta àṣírí ogun fún Jámánì. Wọ́n mú ìwé kan jáde, wọ́n ní òun ló kọ ọ́. Irọ́ ni. Ṣójà mìíràn ló kọ ọ́. Síbẹ̀, wọ́n gbé Dreyfus lọ sí erékùṣù kan ní òkè òkun.

Ìyàwó rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò dákẹ́. Wọ́n wá agbẹjọ́rò, wọ́n wá àwọn òǹkọ̀wé. Ní ọdún 1898, nítorí ọ̀rọ̀ yìí, àwọn ènìyàn dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí ń gbèjà ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn. Orúkọ rẹ̀ ni Ligue des Droits de l'Homme. Ní ọdún 1906, ilé-ẹjọ́ gíga sọ pé Dreyfus kò jẹ̀bi rárá. Ó gba ọdún 12.

Ọ̀rọ̀ Louis Hunkanrin

Ẹgbẹ́ yìí dé ilẹ̀ wa. Louis Hunkanrin, ọmọ Àjàṣẹ́ tí a bí ní ọdún 1886, ló dá ẹ̀ka rẹ̀ sílẹ̀ ní Dahomey ní ọdún 1914. Olùkọ́ ni tẹ́lẹ̀, kí ìjọba tó lé e lẹ́nu iṣẹ́ ní ọdún 1910.

Nígbà náà, òfin kan wà tí wọ́n ń pè ní indigénat. Òyìnbó kọmáńdà lè fi ọmọ ilẹ̀ wa sẹ́wọ̀n ọjọ́ 15, kò sí adájọ́, kò sí agbẹjọ́rò. Ẹni tí wọ́n purọ́ mọ́ kò rí ẹni tí yóò gbọ́ tirẹ̀. Nítorí náà ni Hunkanrin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń kọ ìwé. Wọ́n ń kọ ohun tí wọ́n rí, wọ́n ń fi í ránṣẹ́ sí Paris.

Ìjọba kò fẹ́ràn rẹ̀. Ní ọdún 1923, àwọn ará Àjàṣẹ́ kọ̀ láti san owó orí tí wọ́n fi kún. Ìjọba di ẹ̀bi ru Hunkanrin pẹ̀lú àwọn mìíràn, wọ́n sì gbé e lọ sí Mauritania fún ọdún 10. Níbẹ̀ náà, ó kọ ìwé lórí ìyà tí àwọn ẹrú ń jẹ. Ó padà wálé ní ọdún 1933. Òfin indigénat parí ní ọdún 1946. Hunkanrin kú ní ọdún 1964.

Lónìí ńkọ́?

Òfin Ìpìlẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti ọdún 1990 ti yí ọ̀rọ̀ padà. Ó ní ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn kò tíì jẹ̀bi títí ilé-ẹjọ́ yóò fi dá a lẹ́bi. Ó ní wọn kò gbọdọ̀ tì ọ́ mọ́lé ju wákàtí 48 lọ láìjẹ́ pé wọ́n mú ọ dé iwájú adájọ́, tí òun sì pàṣẹ rẹ̀. Òfin tún ka ẹ̀sùn irọ́ sí ẹ̀ṣẹ̀: ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ purọ́ mọ́ ọ lè lọ sẹ́wọ̀n.

Bí wọ́n bá purọ́ mọ́ ọ, ṣe báyìí:

1. Má ṣe jà. Má ṣe tẹ ìka sí ìwé tí wọn kò kà fún ọ.
2. Kọ ọjọ́ àti wákàtí tí wọ́n mú ọ, àti orúkọ àwọn ẹlẹ́rìí rẹ.
3. Wá agbẹjọ́rò, tàbí ẹgbẹ́ tí ń gbèjà ẹ̀tọ́ ènìyàn.
4. Tọ́jú gbogbo ìwé tí ilé-ẹjọ́ bá fún ọ. Bí wọ́n bá dá ọ láre, ìwé yẹn ni ìwọ yóò fi pe òpùrọ́ náà lẹ́jọ́.
5. Bí wọ́n bá tẹ ẹ̀tọ́ rẹ mọ́lẹ̀, kọ lẹ́tà sí Cour Constitutionnelle ní Kútọnu. Kọ orúkọ rẹ àti ibi tí o ń gbé, kí o sì fọwọ́ sí i tàbí kí o tẹ ìka. Ní ọdún 2002, ilé-ẹjọ́ yìí sọ pé ẹni tí wọ́n tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀ lè gba owó ìtanràn.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀wé kì í jókòó dúró de ọjọ́ náà. Ó ń mú kálàmù, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀.